Bí Alátọ̀gbẹ Ṣe Lè Múra Sílẹ̀ fún Ìpààrọ̀ Ọkàn, àti Bí Ó Ṣe Lè Tọ́jú Ọkàn Tuntun náà

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967, ní ilé ìwòsàn Groote Schuur ní ìlú Cape Town, Dókítà Christiaan Barnard àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yọ ọkàn tí àìsàn ti bàjẹ́ kúrò ní àyà Louis Washkansky, wọ́n sì fi ọkàn ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú rọ́pò rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a ó gbé ọkàn ènìyàn kan sí àyà ènìyàn mìíràn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí nínú ìtàn náà ni pé Washkansky ní àtọ̀gbẹ. Ọkàn tuntun náà ń lù dáadáa, ṣùgbọ́n òtútù àyà gbẹ̀mí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 18, nígbà tí oògùn tí wọ́n ń fún un kí ara rẹ̀ má baà kọ ọkàn náà ti dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà kù.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí pé àṣìṣe méjì ni ó máa ń ṣe àwọn alátọ̀gbẹ tí ọkàn wọn ti rẹ̀ ní jàǹbá. Èkíní ni èrò pé ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ kò lè gba ọkàn tuntun láéláé, èyí tí ó ń mú kí àwọn kan má tilẹ̀ béèrè títí ara fi bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Èkejì ni èrò pé bí iṣẹ́ abẹ bá ti yọrí, ìṣòro ti parí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ni pé àtọ̀gbẹ nìkan kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn oògùn tí ń dáàbò bo ọkàn tuntun ni wọ́n tún ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ ìṣesí ṣúgà ara rẹ̀ dáadáa ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni yóò lè dáàbò bo ọkàn náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè tí àwọn dókítà ń béèrè gan-an

Nígbà tí wọ́n bá ń yẹ alátọ̀gbẹ wò fún ìpààrọ̀ ọkàn, ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn wọn kì í ṣe bóyá ó ní àtọ̀gbẹ, bí kò ṣe ohun tí àtọ̀gbẹ náà ti ṣe sí ìyókù ara rẹ̀. Wọn yóò wo ẹ̀yìn ojú, wọn yóò yẹ kíndìnrín wò nípa ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, wọn yóò wo àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sí ẹsẹ̀ àti sí orí, wọn yóò sì wádìí bóyá àwọn iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí kíndìnrín bá ti bàjẹ́ gidigidi, tàbí bí òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ bá ti dí, ọkàn tuntun yóò wọ inú ara tí kò ní lè gbà á bí ó ti yẹ.

Nínú ìlànà tí ISHLT, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìpààrọ̀ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, gbé jáde ní ọdún 2016, wọ́n mẹ́nu kan ohun méjì nípa àtọ̀gbẹ tí ó lè mú kí dókítà lọ́ra láti kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀: kí àtọ̀gbẹ ti ba ẹ̀yà ara mìíràn jẹ́, yàtọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn ẹ̀yìn ojú tí kò tíì le, tàbí kí àyẹ̀wò HbA1c, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù mélòó kan hàn, máa ju ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ (àwọn ilé àyẹ̀wò mìíràn a máa kọ ọ́ ní 58 mmol/mol) láìka gbogbo akitiyan sí. Ìlànà kan náà ka ìsanra tí ó ju BMI 35 lọ (BMI ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ènìyàn ṣe wúwo tó sí gíga rẹ̀), àti kíndìnrín tí agbára ìsẹ́jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn eGFR, kò tó 30, mọ́ ohun tí ó yẹ kí a rò dáadáa kí a tó tẹ̀síwájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú tí ó tọ́ wo àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Wọ́n kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn, nítorí pé ẹni tí HbA1c rẹ̀ wà ní 8 lónìí lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní oṣù díẹ̀, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ sì ti bàjẹ́ lè di ẹni tí wọ́n ń gbèrò láti pààrọ̀ ọkàn àti kíndìnrín fún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ilé ìwòsàn kan bá kọ̀, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì béèrè bóyá ohun tí wọ́n tọ́ka sí ṣeé tún ṣe. Ẹ lè béèrè èrò ilé ìwòsàn mìíràn pẹ̀lú, nítorí pé gbogbo wọn kọ́ ni ó ń fi ọwọ́ kan náà mú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí ẹ lè ṣe kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ má dúró kí ọkàn yín rẹ̀ tán pátápátá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ṣúgà yín sọ́nà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. HbA1c ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta tí ó kọjá, nítorí náà kò sí ohun tí a lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan tí yóò yí i padà. Ìdí mìíràn wà tí kò fi yẹ kí a kánjú: bí ṣúgà tí ó ti ga fún ìgbà pípẹ́ bá já wálẹ̀ lójijì, àìsàn ẹ̀yìn ojú lè burú sí i fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà ojú yẹ̀ yín wò kí ìtọ́jú ṣúgà tó le sí i.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, tàbí kí ẹ lo fóònù yín, kí ẹ sì máa kọ ṣúgà òwúrọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́, ìwọ̀n ínsúlíìnì tàbí oògùn tí ẹ lò, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí nọ́ńbà bá yàtọ̀. Kì í ṣe kí ẹ lè fi ìwé tó mọ́ hàn dókítà ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń yan ẹni tí wọn yóò gbé ọkàn fún ń fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni náà yóò lè tẹ̀lé ìtọ́jú tí kò ní ọjọ́ ìsinmi, ìwé tí ó kún fún òótọ́, títí kan àwọn ọjọ́ tí kò dára, sì ń jẹ́rìí fún un ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀jẹ̀ tó lára, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, ní láti mọ̀ pé HbA1c rẹ̀ lè parọ́. Ìwé yìí ni wọn yóò gbára lé nígbà náà.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, nítorí pé eyín tí ó ti jẹrà yóò di ewu ńlá nígbà tí agbára ìdáàbòbò ara bá ti lọ sílẹ̀. Ẹ béèrè àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹ kò tíì gbà, pàápàá àwọn tí wọ́n fi kòkòrò ààyè tí a ti rẹ̀ sílẹ̀ ṣe, nítorí pé ẹ kò ní lè gba irú wọn mọ́ lẹ́yìn ìpààrọ̀ ọkàn. Bí ẹ bá ń mu sìgá, ẹ jáwọ́ níbẹ̀ lónìí, nítorí pé ìlànà tí mo mẹ́nu kàn lókè ka sìgá tí a mu láàárín oṣù mẹ́fà tí ó ṣáájú mọ́ ewu.

Oògùn àtọ̀gbẹ náà nílò àtúnyẹ̀wò. Pioglitazone ń mú kí ara da omi dúró, kò sì yẹ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Saxagliptin pẹ̀lú ti fara hàn nínú ìwádìí pé ó ń fi kún iye àwọn tí àárẹ̀ ọkàn ń gbé dé ilé ìwòsàn. Ní ìdà kejì, àwọn oògùn bíi dapagliflozin àti empagliflozin, tí ń da ṣúgà sínú ìtọ̀, ń ran ọkàn tí ó rẹ̀ lọ́wọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a dá wọn dúró ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta kí iṣẹ́ abẹ ńlá tó wáyé, nítorí pé wọ́n lè mú kí oró kan tí ń jẹ́ kítóònù pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ṣúgà kò tilẹ̀ ga. Kò sì sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí ọkàn yóò dé. Ẹ bi àwọn dókítà yín léèrè ní gbangba pé, "Kí ni kí n ṣe sí oògùn yìí bí orúkọ mi bá ti wà lára àwọn tí ń dúró?" Kí ẹ má fi oògùn kankan sílẹ̀ fúnra yín.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró

Wọ́n máa ń ṣírò rẹ̀ pé ọkàn tí a gbé sínú òtútù lè wà níta ara fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ìpè fi lè dé ní òru, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí ẹ tètè dé. Ẹ pèsè àpò kan tí ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà yín, ínsúlíìnì, àti ìwé orúkọ gbogbo oògùn yín wà nínú rẹ̀. Bí ìpè bá dé, wọn yóò ní kí ẹ má jẹun mọ́, ohun tí ó sì ń dẹ́rù ba alátọ̀gbẹ nìyẹn, pàápàá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún ínsúlíìnì. Ẹ gba ìtọ́ni lórí èyí ṣáájú, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: ìwọ̀n ínsúlíìnì tí ẹ óò gún, àti ohun tí ẹ óò lò bí ṣúgà bá já lójú ọ̀nà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò ṣe ínsúlíìnì rárá kò gbọdọ̀ fo ínsúlíìnì ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ìyẹn èyí tí ń ṣiṣẹ́ pẹ́ nínú ara, nítorí pé kò jẹun. Bí ẹ bá dé, kí ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ jẹ́ ìgbà tí ẹ jẹun kẹ́yìn, ìgbà tí ẹ gún ínsúlíìnì kẹ́yìn àti ohun tí ṣúgà yín jẹ́ ní wákàtí yẹn. Bí ẹ bá ń gún semaglutide, oògùn àtọ̀gbẹ kan, tàbí irú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà tí yóò fun yín ní oògùn orun, nítorí pé oúnjẹ máa ń pẹ́ nínú ikùn ẹni tí ń lò ó.

Fún ẹlòmíràn, ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ ọkàn láti ràn án lọ́wọ́ láti fa ẹ̀jẹ̀ ni yóò gbé e dé ọjọ́ ìpààrọ̀. Okùn ẹ̀rọ náà máa ń gba awọ ikùn jáde, ojú ibẹ̀ sì ni àkóràn ti ń wọlé, nítorí náà ṣúgà tí ó wà ní ìwọ̀n àti ọwọ́ tí ó mọ́ ṣe pàtàkì níbẹ̀ gidigidi.

Ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹrù ṣúgà kò sí lórí yín. Wọn yóò máa fi ínsúlíìnì sínú iṣan díẹ̀díẹ̀, wọn yóò máa wọn ṣúgà léraléra, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sì ń fẹ́ kí ó wà láàárín 140 sí 180 mg/dL, ìyẹn 7.8 sí 10 mmol/L. Bí oògùn tí ẹ ń mu ní ilé bá ti ń tọ́jú ṣúgà yín tẹ́lẹ̀ láìsí ínsúlíìnì, ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lọ́kàn jẹ́ pé wọ́n ń gún yín ní ínsúlíìnì báyìí. Egungun àyà tí wọ́n là nílò ṣúgà tí ó wà ní ìwọ̀n kí ó tó lè jiná.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ rí i dájú pé ẹ̀yin fúnra yín, àti ẹnì kan tí ẹ jọ ń gbé, lè fi ọwọ́ yín wọn ṣúgà, kí ẹ gún ínsúlíìnì, kí ẹ sì sọ ohun tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe láìwo ìwé.

Oògùn tí ń ṣọ́ ọkàn, tí ó tún ń gbé ṣúgà sókè

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ. Lẹ́yìn ìpààrọ̀ ọkàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lo oògùn mẹ́ta pọ̀: tacrolimus tàbí ciclosporin, mycophenolate, àti prednisone tàbí irú rẹ̀ tí ó jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì. Tacrolimus ń dín ínsúlíìnì tí ara ń tú jáde kù. Sítẹ́rọ́ìdì ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ínsúlíìnì tí ó wà níbẹ̀ ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, ó sì ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ: bí a bá fi oògùn wọ̀nyí sílẹ̀, ara yóò gbógun ti ọkàn náà, bí a bá ń lò wọ́n, ṣúgà yóò máa gòkè. Ẹ má ṣe dín wọn kù fúnra yín nítorí ṣúgà, láéláé. Ṣúgà tí ó ga ṣeé fi ínsúlíìnì mú wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn tí ara ti kọ̀ lè má ṣeé gbà padà.

Prednisone tí a mu ní òwúrọ̀ ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Ṣúgà a máa gòkè láti ọ̀sán títí di alẹ́, a sì máa wálẹ̀ lóru, tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ńbà òwúrọ̀ kí a tó jẹun fi lè dára nígbà tí ti ìrọ̀lẹ́ ti kọjá 250 mg/dL. Ẹni tí ó bá ń wọn ṣúgà ní òwúrọ̀ nìkan yóò máa rò pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Nítorí náà, ẹ máa wọn ọ́n ṣáájú oúnjẹ alẹ́ àti lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ sì fi han dókítà, kí ó lè yan ínsúlíìnì tí agbára rẹ̀ bá àkókò yẹn mu. Bí wọ́n bá fi kún ínsúlíìnì alẹ́ nítorí ṣúgà ìrọ̀lẹ́, ó ṣeé ṣe kí ṣúgà já lóru.

Ìdà kejì ọ̀rọ̀ náà ni èyí tí a sábà máa ń gbàgbé. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, wọn yóò máa dín sítẹ́rọ́ìdì kù. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dín in kù, ínsúlíìnì tí ó tó lánàá lè pọ̀ jù lónìí. Ẹ bi wọ́n léèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé, "Èló ni kí n yọ kúrò nínú ínsúlíìnì mi?" Kí wọ́n tó dáhùn, ẹ má kúrò níwájú wọn. Bí ara bá sì kọ ọkàn náà ní ìgbà kan, tí wọ́n ní láti fi sítẹ́rọ́ìdì tí ó lágbára sínú iṣan yín fún ọjọ́ díẹ̀, ṣúgà yóò fò sókè ní ọjọ́ yẹn gan-an. Kí dókítà àtọ̀gbẹ yín gbọ́ ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn kan wà tí wọn kò ní àtọ̀gbẹ rí, tí ṣúgà wọn gòkè lẹ́yìn ìpààrọ̀. Wọ́n máa ń dúró kí ara balẹ̀, kí oògùn sì dín kù, kí wọ́n tó pè é ní àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de orúkọ.

Ọkàn tí kò ní lè kìlọ̀ fún yín

Nígbà tí wọ́n bá yọ ọkàn àtijọ́, wọ́n gé àwọn iṣan ìmọ̀lára tí ó so ó mọ́ ọpọlọ. Ọkàn tuntun máa ń lù kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sábà máa ń wà láàárín 90 sí 110 ní ìṣẹ́jú kan bí ẹ tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yára, ó sì ń pẹ́ kí ó tó fara balẹ̀. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì parí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ohun méjì ni èyí túmọ̀ sí fún alátọ̀gbẹ. Àkọ́kọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kí àyà máa já kí ẹ tó mọ̀ pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀. Òógùn, ìwárìrì, ebi òjijì àti ìdàrúdàpọ̀ èrò lè ṣì wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà ni ẹlẹ́rìí òótọ́. Bí ó bá ti kéré ju 70 mg/dL lọ, ìyẹn 3.9 mmol/L, ẹ lo giramu 15 ṣúgà tí ń tètè wọ ara, kí ẹ sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Èkejì, bí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn tuntun bá ń dí, èyí tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ń gba ọkàn tí a pààrọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn bí ọdún ti ń gorí ọdún, àyà lè má dùn yín rárá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yẹ òpó ẹ̀jẹ̀ náà wò látìgbàdégbà láìdúró de ìrora, tí wọ́n sì ń fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ènìyàn ní oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ẹ má fo irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ nítorí pé ara ń ṣe yín dáadáa.

Àkóràn, ẹsẹ̀, àti àwọn oògùn mìíràn

Àtọ̀gbẹ ń ṣí ọ̀nà fún àkóràn, oògùn ìpààrọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, sítẹ́rọ́ìdì sì lè bo ibà mọ́lẹ̀. Fún ìdí yìí, ṣúgà tí ó gòkè tí ẹ kò mọ ohun tí ó fà á lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pé kòkòrò àrùn ti wọ ara. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ yín ní alaalẹ́, àárín ọmọ ìka àti àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹ lo dígí bí ẹ kò bá lè tẹ̀ ba. Egbò kékeré tí ẹlòmíràn lè fi sílẹ̀ di ọ̀la, ẹ̀yin ẹ fi hàn lónìí.

Tacrolimus kì í bá gbogbo nǹkan ṣọ̀rẹ́. Clarithromycin, oògùn apakòkòrò kan, ń mú kí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èso grapefruit. Rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ń mú kí ó kéré jù. Ìgbẹ́ gbuuru lè gbé e sókè, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ibuprofen àti irú rẹ̀ ń fi kún ewu kíndìnrín tí àtọ̀gbẹ àti tacrolimus ti ń hàlẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ẹ má mu àgbo tàbí oògùn kankan tí ẹlòmíràn yàn fún yín láìfi tó ilé ìwòsàn tí ó pààrọ̀ ọkàn yín létí. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wọn tacrolimus nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ má tíì mu ti òwúrọ̀ títí wọ́n yóò fi fa ẹ̀jẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ mú un dání.

Bí ẹ bá ń bì, tí oògùn kò dúró nínú yín, ẹ pe ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kan náà. Sítẹ́rọ́ìdì tí ó dúró lójijì léwu fúnra rẹ̀. Ẹ má dá ínsúlíìnì ọlọ́jọ́ gbọọrọ dúró, ẹ máa wọn ṣúgà ní wákàtí méjì sí mẹ́rin, ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti ka fún ẹni tí ó bá gbé ìpè náà. Kí nọ́ńbà ìpè ilé ìwòsàn náà wà lára ògiri níbi tí gbogbo ará ilé ti lè rí i, nítorí pé ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti já kò ní lè wá a fúnra rẹ̀.